Bíìlì Tó Ṣi Ilé Yà

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ kò darí ìpàdé kankan rí láyé ẹ̀. Àga ló ń tún ṣe. Bí tìmùtìmù yín bá ti rì wọnú bí ikùn ẹni tí kò jẹun, bí ẹsẹ̀ àga bá ń mì bí eyín arúgbó, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní igun òpópónà, láàárín ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ilé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Yóò dojú àga náà dé, yóò fọwọ́ pa á lára, yóò ní, "Hẹn-ẹ́n, kí ló ṣe ọ́?" bí ẹni ń bá ọmọ tó ń sunkún sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé ẹni tí kò bá bi àga léèrè ọ̀rọ̀, ńṣe ni yóò kàn máa kan ìṣó kiri.

Obìnrin náà fẹ́ràn ìtọpinpin ju oúnjẹ lọ. Kò lè rí ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ kó má ṣí i wò. Ìyá tó bí i máa ń sọ pé láti kékeré ló ti ń tú ìrọ̀rí kó lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, àti pé Ọlọ́run ló ṣàánú ìdílé náà tí ìwà yẹn fi di iṣẹ́ tó ń mówó wọlé.

Tẹ́lẹ̀, bébà ló fi ń kọ iye owó iṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n á sọ bébà nù, wọ́n á tún wá bi í léèrè. Ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà bá ní, "Màmá, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn," ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi bíìlì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹ̀kọ́ náà dára, àtàǹpàkò Alága ni kò gbà. Ìṣó àti abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ di líle bí awọ bàtà. Bó bá fẹ́ tẹ lẹ́tà kan, á tẹ aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó kọ̀wé sí oníbàárà kan pé òun ti tún àga mẹ́ta ṣe, àga mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, ariwo sì sọ. Láti ọjọ́ náà ni Alága ti kẹ̀yìn sí lẹ́tà. Ó rí àwòrán makirofóònù kékeré nísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń fẹnu sọ bíìlì rẹ̀. "Kí ni n ó máa fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí," ni ó wí, "nígbà tí Ọlọ́run fún mi lẹ́nu?"

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àwọn àga tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé nílé ìwòsàn dókítà eyín kan. Dókítà náà kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ fún ẹni tó ń fi eyín jẹun, kò sẹ́ni tó rí eyín tirẹ̀ rí, torí kì í rẹ́rìn-ín. Alága gbé fóònù sẹ́nu.

"Dókítà, mo kí yín o. Alága ni. Bíìlì yín rèé. Àga, mẹ́fà. Fómù, mẹ́fà. Awọ aláwọ̀ ewé, ọ̀pá mẹ́rin. Ìṣó olórí idẹ, igba. Gọ́ọ̀mù, agolo kan. Iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Bó ṣe ń dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ owó rẹ̀. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ó fi òòlù gbá ìdí àga kan, gbà! bí ẹni tí ẹjọ́ parí sí lọ́wọ́, ó sì jọ̀wọ́ fóònù.

Àmì méjì tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà di búlúù lójú ẹsẹ̀. Èsì wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Alága rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fa á. Ó tún un sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ sì bá mi gbá nǹkan yẹn níparí."

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n oníbàárà lọ̀gá. Ó tún un sọ, ó gbá a. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé: "Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ìṣó yẹn, ṣé iye rẹ̀ lẹ sọ, àbí igbá tí wọ́n fi ń bu omi lẹ mẹ́nu bà? Ṣé ìṣó kún inú igbá ni?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Alága. Ó sáré wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gé fómù. Iṣẹ́ aṣọ́nà ni ọkùnrin náà ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ti ń pariwo "Ta nìyẹn?" sí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀, orúkọ tí wọ́n sì fi ń pè é títí di òní náà nìyẹn: Ta-nìyẹn.

"Ẹ wá gbọ́, dókítà eyín ti ń bá mi ṣeré!"

"Dókítà wo?" ni Ta-nìyẹn wí. "Èyí tó fi eyín pamọ́ bí ẹni tó jí i? Kì í ṣe òun."

Òótọ́ ló sì sọ. Nígbà tí wọ́n kó àga lọ lọ́jọ́ kejì, ohun tí dókítà kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bíìlì mi dà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ránṣẹ́, Dókítà. Ẹ tún béèrè igbá lọ́wọ́ mi."

"Igbá kẹ̀?" Dókítà wò ó bí ẹni tí orí ń fọ́. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wá fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, wọ́n rí i pé òǹkà tó gbẹ̀yìn ni Alága ṣì tẹ̀ nígbà tó ń fi í pamọ́. Dókítà sanwó, ó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ta wá ni ẹni tó ń bẹ òun pé kí òun tún un sọ? Ta ni yóò gba bíìlì àga tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò ní bínú, tí kò ní sọ pé ẹ ṣi nọ́ńbà, tí yóò tún máa béèrè òòlù?

Kó tó délé, ó ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Ẹ má bínú o, mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. Àmọ́ ta ni yín?"

Èsì dé: "Mo mọ̀ pé ẹ ṣì í tẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka bíìlì mìíràn."

Àwòrán ẹni náà kò ṣàfihàn ojú èèyàn. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan ni, dúdú, bí ẹni pé nǹkan gbígbóná wà lẹ́yìn rẹ̀. Alága fi àtàǹpàkò fẹ àwòrán náà títí, kò rí nǹkan kan di mú.

"Gbájúẹ̀ ni," ni Ta-nìyẹn wí. "Ohùn rẹ ni wọ́n fẹ́ jí. Wọ́n á gba ohùn rẹ, wọ́n á fi pe ọmọ wa, wọ́n á ní 'Màmá ẹ ni o, fowó ránṣẹ́.' Ìfura loògùn àgbà, Alága."

Ọmọbìnrin wọn náà ní kó tètè búlọ́ọ̀kì nọ́ńbà náà. Alága gbọ́, ó ní ó dáa, kò sì ṣe é. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ti fà á sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà ń fà á síwájú, ẹ̀yin náà sì mọ èyí tó lágbára nínú méjèèjì lára rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá fẹnu kò: kò ní dárúkọ ẹnì kankan, kò ní sọ nọ́ńbà báńkì, kò sì ní ka bíìlì gidi. Bíìlì èké ni yóò máa kà.

Bó ṣe di pé ó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò sí láyé nìyẹn. "Ọba Èkúté, mo kí yín o. Alága ni. Bíìlì yín rèé. Ìtẹ́, ọ̀kan, èyí tí ológbò fi èékánná ya. Awọ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òwú tí mo kì sínú rẹ̀, bíńtín. Ọkọ mi ló gé e, ẹ fún un ní tirẹ̀ lọ́tọ̀." Gbà!

Ẹni náà yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, yóò wá tẹ ohun tó gbọ́ padà. "Ẹ ní ẹ ki owú sínú ìtẹ́. Ṣé èyí tí èèyàn ń jẹ síni ni, àbí èyí tí à ń ran? Ẹ tún ní ọkọ̀ yín ló gé e. Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń gé nǹkan?"

Ta-nìyẹn, tó dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ láti ṣọ́ ọ, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. "Ó pè mí lọ́kọ̀! Èmi tí mi ò ní táyà!"

Alága kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ yí òwú sára ìka. Igba àti igbá. Òwú àti owú. Ọkọ àti ọkọ̀. Ẹni yìí kì í ṣì ọ̀rọ̀ gbọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé. Orin tó wà nínú ọ̀rọ̀ nìkan ni kò dé.

Ó bọ́ sí ẹ̀yìn, ó mú fómù tó nípọn, ó gbé e lé fóònù, ó jẹ́ kí ohùn ara rẹ̀ tó ti fi ránṣẹ́ máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó dẹ etí sí i. Fómù jẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà, kò sí èyí tó ṣe é mú, àmọ́ orin wọn ń jáde, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Òdìkejì gbáà ni. Kí ló lè bo etí èèyàn tí yóò gba lẹ́tà láyè, tí yóò sì dí orin lọ́nà? Ó fi awọ bò ó, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e sínú agolo gọ́ọ̀mù tó ti tán. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo orí tó fẹ́ dàrú.

Níkẹyìn ó tẹ makirofóònù. "Ẹ má bínú sí mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè irú nǹkan báyìí. Ṣé etí yín ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí kì í gbọ́ orin inú rẹ̀?"

Àmì náà di búlúù. Èsì kò dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ gígùn kan tó wọlé, ó sì gùn débi pé ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ kó kà á síta.

"Alága, mo kí yín," ni Ta-nìyẹn kà. "Oníbúrẹ́dì ni mí. Àìsàn kan mú mi, nígbà tó máa lọ, ó gbé etí mi lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mi ò fi gbọ́ kíkí, tí mi ò gbọ́ bíbú. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú orí mi. Mo ti ń gbọ́ báyìí, àmọ́ bí ìgbà tí agolo bá ń sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa kọ́ ìgbọ́ràn bí ọmọ tuntun. Wọ́n fún mi ní ohùn kan tó ń sọ pé ológbò jókòó sórí ẹní, bọ́ọ̀lù bọ́ sómi. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Àwọn ará ilé mi, ẹni tí kò bá pariwo mọ́ mi á ní 'má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, kì í ṣe nǹkan pàtàkì.' Bẹ́ẹ̀ ni bíìlì yín ṣi ilé yà, ó wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀ ń ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: nǹkan, iye rẹ̀, owó rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ẹ ò mọ̀ mí, ẹ ò sì káàánú mi. Owó yín lẹ fẹ́ gbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ yín."

Ta-nìyẹn yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. "Èmi ni mo pè é ní gbájúẹ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ yóò dùn láti ibẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àánú ṣe Alága, àánú náà sì pọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀: "À—ga, ọ̀—kan. Ṣé ẹ gbọ́ o? Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ń pariwo débi pé ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ yọjú wá wò ó bóyá ìjà ni. Kò gbá òòlù mọ́, ó ní kó má bàa dun oníbúrẹ́dì létí. Owó inú bíìlì náà sì ń dín, títí ó fi di ọ̀fẹ́.

Èsì kan ṣoṣo ló dé: "Ẹ ti ń ṣe bí àwọn yòókù." Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Àmì náà kò tilẹ̀ di búlúù mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alága lára. Bó bá ń ran nǹkan, á dúró láàárín, á wo fóònù. Ó fi ohùn bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó fẹ́ wá ilé oníbúrẹ́dì náà lọ, kò mọ ibi tó wà. Ta-nìyẹn ló bá a dá sí i nígbà tó rí i pé ó ti ran apá àga mọ́ ẹ̀yìn àga.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí ni ìwọ àti oníbúrẹ́dì fi mọ ara yín? Ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ fi mọra ni? Bíìlì lẹ fi mọra. Padà síbẹ̀."

Alága ronú sí i. Ó gbé fóònù, kò pariwo, kò fà á gùn.

"Oníbúrẹ́dì, mo kí yín o. Alága ni. Bíìlì yín rèé. Ìtẹ́ Ọba Èkúté, ọ̀kan. Ibùsùn Ìgbín, èyí tí kò bá ilé rẹ̀ mu, ọ̀kan. Àga tí Erin fìdí fọ́, ọ̀kan. Ohùn mi tí ẹ ti ń lò látọjọ́ yìí, owó rẹ̀ rèé. Ohùn ọkọ mi, tó ti gbó, ìdajì. Bí ẹ ṣe pa wá lẹ́rìn-ín, ìyẹn ọ̀fẹ́ ni. Ariwo tí mo pa mọ́ yín láìnídìí, mo yọ owó yẹn kúrò, mo jẹ̀bi. Ẹ wá san ìyókù ní ṣọ́ọ̀bù mi, igun òpópónà, láàárín agékọ́kọ́rọ́ àti ilé ìfọṣọ." Ó sọ iye rẹ̀ lápapọ̀, iye tó lè ra àga tuntun. Gbà!

Títí ilẹ̀ fi ṣú, àmì náà kò yí padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó di búlúù. "Ó ti wọ́n jù," ni èsì wí. "Mò ń bọ̀."

Kò sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ mìíràn, tí aṣọ rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun, Alága kò rí i. Abẹ́ àga onírọ̀gbọ̀kú kan ló wà, ó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta, ó ń so sípíríǹgì.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," ni àlejò náà wí. Ohùn rẹ̀ le, ó sì ga sókè bí ohùn ẹni tí kò tíì gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Alága dáhùn láti abẹ́ àga.

"Mo wá sanwó. Èló ni?"

"Owó kí ni?"

"Ti Èkúté, ti Ìgbín, ti Erin."

Nǹkan bọ́ lọ́wọ́ Alága. Ṣùgbọ́n kò jáde. Sípíríǹgì ti di aṣọ rẹ̀ mú. Ó sọ iye náà láti ibi tó wà.

"Háà! Ó gbówó lórí jù! Ìdajì rẹ̀ ni n ó san."

"Ìdajì kẹ̀? Ṣé ẹ mọ iye tí fómù jẹ́ ni? Ibùsùn Ìgbín nìkan, ó gba fómù!"

"Ìgbín tó sùn nílé ara rẹ̀! Ẹ yọ ti Ìgbín kúrò."

"Mi ò lè yọ ọ́. Ẹ fi díẹ̀ lé ìdajì."

"Díẹ̀ bíi mélòó?"

Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lóòró, títí Ta-nìyẹn fi jáde láti ẹ̀yìn, tó dúró, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i. "Alága," ni ó wí, "ìyá yìí ò rí ẹnu rẹ o, etí nìkan ló fi ń gbọ́ ọ."

Oníbúrẹ́dì wo ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ àga. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín ìṣó àti òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Alága já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ sípíríǹgì, aṣọ náà sì ya. Ó yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe kọ́kọ́ rí ara wọn, nílẹ̀, irun kún fún eruku. Alága rí ohun róbótó kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ orí àlejò rẹ̀ lẹ́yìn etí, okùn tín-ín-rín kan jáde lára rẹ̀. Ọwọ́ ń yún un láti fọwọ́ kàn án.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ni oníbúrẹ́dì wí. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ wo inú ẹ̀."

Búrẹ́dì ni àlejò náà fi san ìyókù owó náà, ó ṣì gbóná nínú àpò. Ilẹ̀kùn irin tó wà nínú àwòrán fóònù rẹ̀, ti ààrò rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, oníbúrẹ́dì ń béèrè: kí ni èyí tó ń ṣe fù-fù-fù? Fáànù ni. Èyí tó ń ṣe kẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ni. Èyí tó ń ru gùdù? Ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé kejì. Alága ń dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ń fi ilé han àlejò.

"Èyí tó dà bí ẹni ń já aṣọ kékeré ńkọ́? Ó ń ṣe ṣíì-ṣíì-ṣíì. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀."

Alága dẹ etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ta-nìyẹn pa fáànù. Wọ́n dúró gbagidi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, Alága gbọ́ ọ, ó tín-ín-rín, ó wá láti òkè.

"Láti ìgbà wo nìyẹn ti wà níbẹ̀?" ni ó béèrè.

Ta-nìyẹn gbé àkàbà wá, ó gùn ún, ó ti pátákó àjà tó ṣí díẹ̀, ó kígbe "Ta nìyẹn?" bí ìṣe rẹ̀. Ó ki orí bọ inú òkùnkùn.

"Ẹyẹ ni!" Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti inú àjà. "Àwọn ọmọ rẹ̀ rèé, wọn ò tíì níyẹ̀ẹ́. Fómù wa ni wọ́n fi tẹ́ ilé o, Alága! Fómù wa ni wọ́n ń jí!"

Alága ti di àkàbà mú, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Ó kàn mí lẹ́yìn yín," ni oníbúrẹ́dì wí, ó sì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀.